Nígbà Tí Sáfà Kò Bá Dá Onílé Mọ̀ Mọ́: Ìṣòro Ìwọlé àti Àṣẹ Lẹ́yìn Ìgbéga Dátábéèsì

Ìṣòro ìwọlé àti àṣẹ lórí sáfà dátábéèsì ni ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nígbà tí kọ̀ǹpútà tó gbé gbogbo àkọsílẹ̀ iléeṣẹ́, ilé ẹ̀kọ́ tàbí ilé ìwòsàn dání bá wo ẹni tó ti ń lò ó láti ọdúnmọ́dún, tó sì ní òun kò mọ̀ ọ́n rí. Tàbí kó dá a mọ̀, kó jẹ́ kó wọlé, ṣùgbọ́n kó má jẹ́ kó fọwọ́ kan ohunkóhun. Ọjọ́ kejì ìgbéga ló wọ́pọ̀ jù, ìyẹn nígbà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé ètò dátábéèsì kúrò lórí ẹ̀dà àtijọ́ bọ́ sórí tuntun. Ọ̀rọ̀ tó ń hàn lójú kọ̀ǹpútà kì í gùn: “Access denied”, “permission denied”, “Login failed for user”. Ẹni tó bá rí i ní agogo mẹ́jọ àárọ̀, tí èrò ti tò sẹ́nu ọ̀nà ọ́fíìsì, lè rò pé gbogbo àkọsílẹ̀ ti parun. Nínú ọ̀pọ̀ jù lọ irú ìṣẹ̀lẹ̀ yìí, ẹrù inú ilé pé pérépéré. Oníbodè ló yí padà.

Ọ̀yọ́ àti Ògbómọ̀ṣọ́, ìlú méjì tó wà lójú ọ̀nà kan náà, jẹ́ ìlú tí àkọsílẹ̀ pọ̀ sí. Ògbómọ̀ṣọ́ ni Yunifásítì Ìmọ̀ Ẹ̀rọ Ládòkè Akíntọ́lá wà, tí ìjọba Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ dá sílẹ̀ ní 1990, tí Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun bá wọn pín lẹ́yìn tí wọ́n yọ ọ́ jáde lára Ọ̀yọ́ ní 1991, tó sì padà di ti Ọ̀yọ́ nìkan ní 2020. Ibẹ̀ náà ni ilé ìwòsàn ìjọ Onítẹ̀bọmi tó bẹ̀rẹ̀ ní 1907 wà, tí a mọ̀ lónìí sí ilé ìwòsàn ìkọ́ni Yunifásítì Bowen. Ní Ọ̀yọ́, ilé ẹ̀kọ́ olùkọ́ ti ìjọba àpapọ̀ tó ń kọ́ àwọn tí yóò tọ́jú ọmọ aláàbọ̀ ara ti wà láti 1977, Yunifásítì Ajayi Crowther sì darapọ̀ mọ́ wọn ní 2005. Níbikíbi lágbàáyé, irú ilé bẹ́ẹ̀ gbọ́dọ̀ tọ́jú orúkọ, máàkì, owó ilé ẹ̀kọ́ àti ìwé aláìsàn, ó sì ṣòro kí èyíkéyìí nínú wọn fi ìwé lẹ́jà nìkan ṣe é mọ́.

Ọ̀rọ̀ ìgbéga kò ṣàjèjì sí ará Ọ̀yọ́. Wọ́n rí i nígbà tí ìjọba ìpínlẹ̀ gbé Kọ́lẹ́ẹ̀jì Emmanuel Àlàyándé ga sí yunifásítì. Nígbà tí kọ́lẹ́ẹ̀jì bá di yunifásítì, kíláàsì kan náà ni, ògiri kan náà ni, ṣùgbọ́n òfin ìgbaniwọlé yí padà: ìwé ẹ̀rí tó tó lánàá lè má tó lónìí. Bí ìgbéga sáfà ti rí nìyẹn. Tábìlì àti àkọsílẹ̀ inú wọn kò kúrò níbi tí wọ́n wà, àmọ́ àwọn tó ṣe ètò náà ti pinnu pé irú pásíwọ́ọ̀dù kan kò nípọn tó mọ́, tàbí pé àṣẹ kan tí gbogbo èèyàn ń jẹ lọ́fẹ̀ẹ́ gbọ́dọ̀ di ohun tí a ń tọrọ. Ìdí gidi ló wà fún ìyípadà náà. Ẹni tí wọn kò sọ fún ló máa ń jìyà rẹ̀.

Ìbéèrè méjì lẹ́nu ọ̀nà

Ìbéèrè méjì ni sáfà dátábéèsì ń bi gbogbo ẹni tó bá kan ilẹ̀kùn: ta ni ọ́, kí sì ni wọ́n ní kí o wá ṣe? Ẹni tó bá pa méjèèjì pọ̀ yóò fi ọjọ́ mẹ́ta wá ohun tó yẹ kó rí ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ààfin Ọ̀yọ́ ti ya wọ́n sọ́tọ̀ tipẹ́tipẹ́. Samuel Johnson, àlùfáà ìjọ Áńgílíkà tó ṣiṣẹ́ ní Ọ̀yọ́, tó parí ìwé ìtàn Yorùbá rẹ̀ ní 1897, tí wọ́n sì tẹ̀ ẹ́ jáde ní 1921, ṣe àlàyé ètò náà lẹ́kùn-ún rẹ́rẹ́. Orí tí wọ́n fá lápá kan ni a fi ń mọ ìlàrí. Ẹni tó bá rí i ti mọ̀ pé ìránṣẹ́ Aláàfin dé. Ìdánimọ̀ nìyẹn, kò sì tíì sọ ohun tí ẹni náà lè ṣe. Nínú àwọn ìwẹ̀fà ńlá mẹ́ta, Ọ̀nà Ẹ̀fà ló ń gbọ́ ẹjọ́ lórúkọ ọba, Ọ̀tún Ẹ̀fà ló ń mójú tó ọ̀rọ̀ Ṣàngó, ti Òsì Ẹ̀fà sì ni ìṣàkóso àti owó òde. Kò sí èyí tí ààfin kò mọ̀ nínú wọn, síbẹ̀ oyè kálukú ní ààlà tirẹ̀.

Nínú dátábéèsì, àkántì àti pásíwọ́ọ̀dù ló dúró fún orí fífá yẹn. Oyè ni àṣẹ tí a fi ọ̀rọ̀ GRANT fúnni, tí a sì ń fi REVOKE gbà padà. Ọ̀rọ̀ méjèèjì ti dàgbà. Edgar Codd ti IBM ló gbé èrò dátábéèsì onítábìlì kalẹ̀ ní 1970. Nígbà tí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ń kọ́ System R láti fi èrò náà ṣe nǹkan, Patricia Griffiths àti Bradford Wade ṣàlàyé ní 1976 bí ẹni tó ni tábìlì ṣe lè fún ẹlòmíràn láṣẹ lórí rẹ̀, kó sì gbà á padà lọ́wọ́ rẹ̀. Ọdún tó ṣáájú ìyẹn ni Jerome Saltzer àti Michael Schroeder kọ̀wé pé ìwọ̀nba àṣẹ tí iṣẹ́ ẹni nílò ni ó yẹ kó wà lọ́wọ́ ẹni. Pásíwọ́ọ̀dù fúnra rẹ̀ ti wà lórí ẹ̀rọ CTSS tí Fernando Corbató darí ní MIT ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1960. Ní 1966, fáìlì méjì papọ̀ mọ́ra lórí ẹ̀rọ náà: ibi tó yẹ kí ẹni tó bá wọlé ti rí ìkíni ọjọ́ náà, pásíwọ́ọ̀dù gbogbo èèyàn ló rí níbẹ̀. Ìṣòro tí a ń sọ kì í ṣe ti òní.

Kíka ohun tí sáfà sọ

Iṣẹ́ àkọ́kọ́ ni kí a ka ọ̀rọ̀ tí sáfà kọ tán, pẹ̀lú nọ́ńbà rẹ̀, kí ọwọ́ tó kan ohunkóhun. Lórí MySQL, nọ́ńbà 2002 àti 2003 ń sọ pé ẹni náà kò tilẹ̀ dé ẹnu ọ̀nà: sáfà kò jí, tàbí ọ̀nà nẹ́tíwọ́ọ̀kì dí, tàbí ìgbéga ti dá ìlà bind-address padà sí 127.0.0.1, tó fi jẹ́ pé ohùn ará ilé nìkan ni sáfà ń gbọ́. Nọ́ńbà 1045 ń sọ pé ó dé ẹnu ọ̀nà, wọ́n sì dá a padà. 1044 ń sọ pé ó wọlé, ṣùgbọ́n wọn kò fún un ní kọ́kọ́rọ́ yàrá tó ń wá. 1142 ń sọ pé ó wọ yàrá náà, àpótí kan pàtó ni wọn kò jẹ́ kó ṣí. Ẹni tó bá rí 1142 tó wá ń yí pásíwọ́ọ̀dù padà ń fi òògùn ẹsẹ̀ pa orí.

Ìparí ìlà 1045 wúlò gan-an. Bí ó bá kọ “using password: NO”, a jẹ́ pé ètò tó ń kan ilẹ̀kùn kò mú pásíwọ́ọ̀dù kankan dání rárá. Ó ṣeé ṣe kí ìgbéga ti fi fáìlì tuntun rọ́pò èyí tí pásíwọ́ọ̀dù wà nínú rẹ̀, nítorí náà fáìlì ètò pọ́tà, ìyẹn ojú òpó tó ń bá dátábéèsì sọ̀rọ̀, ni kí a yẹ̀ wò, ká fi dátábéèsì sílẹ̀. Bí ó bá kọ YES, ó mú nǹkan wá, nǹkan náà ni kò bá tinú ilé mu.

Ohun kan tún wà tó máa ń rú ọ̀pọ̀ èèyàn lójú. MySQL kì í fi orúkọ nìkan mọ èèyàn. Orúkọ àti ibi tí onítọ̀hún ti ń bọ̀ ló ń wò pọ̀. Lójú rẹ̀, portal tó wá láti localhost (ẹ̀rọ náà fúnra rẹ̀) àti portal tó wá láti 192.168.1.20 jẹ́ èèyàn méjì tí wọn kò bá ara wọn tan, tí pásíwọ́ọ̀dù wọn àti àṣẹ wọn sì lè yàtọ̀ pátápátá. Bí a ti ń bèèrè náà ni, pé Àkànbí wo, ti Àkẹ̀sán ní Ọ̀yọ́ ni àbí ti Sábó ní Ògbómọ̀ṣọ́? Nígbà tí ìgbéga bá lọ pẹ̀lú ẹ̀rọ tuntun, àdírẹ́sì ẹ̀rọ tí pọ́tà wà lórí rẹ̀ sábà máa ń yí padà, Àkànbí sì di àlejò nílé ara rẹ̀. Bí àkántì aláìlórúkọ kan bá tún wà fún localhost, òun lè gba ipò ẹni tí a fi àmì % sí ẹ̀yìn orúkọ rẹ̀, nítorí MySQL máa ń ṣáájú fi ojú sí àdírẹ́sì tó ṣe pàtó. Ìbéèrè kékeré kan ló ń tú àṣírí gbogbo èyí, fún ẹni tó bá ráyè wọlé: SELECT USER(), CURRENT_USER(). Èkíní ń fi ẹni tí o pe ara rẹ hàn, èkejì ń fi ẹni tí sáfà gbà pé o jẹ́ hàn. Bí méjèèjì kò bá jọra, ibẹ̀ ni kí o ti bẹ̀rẹ̀.

MySQL àti ìyípadà ọ̀nà rẹ̀

MySQL ni a óò sọ̀rọ̀ lé jù, nítorí òun ni ó wọ́pọ̀ jù lábẹ́ pọ́tà tí a fi PHP kọ. Michael Widenius, David Axmark àti Allan Larsson ló dá a sílẹ̀ ní Sweden ní 1995. Iléeṣẹ́ Sun rà á ní 2008, Oracle gba Sun ní 2010. Widenius ti ya ẹ̀ka MariaDB kúrò lára rẹ̀ ní 2009. Orúkọ ọmọbìnrin rẹ̀ méjì, My àti Maria, ló wà lára ètò méjèèjì.

Ìgbà àkọ́kọ́ tí ìgbéga MySQL ti ọ̀pọ̀ èèyàn síta ni 2004, nígbà tí ẹ̀dà 4.1 sọ àwòrán pásíwọ́ọ̀dù tó ń tọ́jú di gígùn, láti àmì 16 sí 41. Ètò àtijọ́ kò mọ bí a ti ń sọ èdè tuntun náà, sáfà sì ń dá wọn lóhùn pé kí wọ́n lọ wá ẹ̀dà tuntun ara wọn. Ní 2015, ẹ̀dà 5.7 yọ kọ́lọ́ọ̀mù tó ń jẹ́ Password kúrò nínú tábìlì mysql.user, ó fi authentication_string rọ́pò rẹ̀. Láti ìgbà náà ni àṣẹ tí àwọn ọmọ kọ̀ǹpútà ti há sórí, tí wọ́n sì ń dà kọ fún ara wọn, kò ti ṣiṣẹ́ mọ́, bí wọ́n tilẹ̀ ṣì ń kọ ọ́. Lórí Ubuntu, root, ọ̀gá gbogbo àkántì, tún di ẹni tí a kì í fi pásíwọ́ọ̀dù mọ̀ mọ́: ẹni tó bá jẹ́ root lórí ẹ̀rọ náà nìkan ló lè jẹ́ root nínú dátábéèsì. Ẹni tó bá gbìyànjú ọ̀nà mìíràn rí nọ́ńbà 1698, tó jọ 1045 ṣùgbọ́n tí kì í ṣe òun. Oògùn rẹ̀ kò ju kí a fi sudo ṣíwájú àṣẹ ìwọlé.

Èyí tó mì ilé jù ni 8.0, tó jáde ní April 2018. Ó sọ caching_sha2_password di ọ̀nà ìdánimọ̀ fún gbogbo àkántì tuntun. Àkántì àtijọ́ kò yí padà fúnra rẹ̀, ìdí nìyẹn tí ọ̀rọ̀ náà fi ń rúni lójú: pọ́tà àná ń ṣiṣẹ́, èyí tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ dá àkántì fún lónìí ń rí nọ́ńbà 2059, lórí sáfà kan ṣoṣo. PHP tó bá kéré sí 7.4 kò gbọ́ ọ̀nà tuntun náà dáadáa. Ẹ̀dà kan náà ló fòpin sí àṣà fífi GRANT dá àkántì sílẹ̀ nígbà tí a bá ń fúnni láṣẹ. Tẹ́lẹ̀, ẹni tó bá ṣi orúkọ kọ nínú GRANT ti dá èèyàn tuntun sílẹ̀ láìmọ̀. Nísinsìnyí, nọ́ńbà 1410 ni yóò rí, CREATE USER sì gbọ́dọ̀ ṣáájú. Mo gbà pé ìyípadà yìí dára púpọ̀, bó tilẹ̀ fọ́ ọ̀pọ̀ ìwé àṣẹ tí wọ́n ti kọ sílẹ̀ láti ọdún pípẹ́.

Ní 2024, ẹ̀dà 8.4 ti ilẹ̀kùn ọ̀nà àtijọ́, mysql_native_password, bó tilẹ̀ fi kọ́kọ́rọ́ sílẹ̀ fún ẹni tó bá fẹ́ ṣí i. Ní July ọdún kan náà, 9.0 yọ ọ́ kúrò pátápátá. Níbí ni àkántì àtijọ́ ti ń kú lọ́jọ́ kan ṣoṣo, pẹ̀lú nọ́ńbà 1524 tó ń sọ pé ọ̀nà ìdánimọ̀ náà kò sí. Ìwòsàn tó tọ́ ni kí a fi ALTER USER gbé àkántì kọ̀ọ̀kan bọ́ sórí ọ̀nà tuntun, pẹ̀lú pásíwọ́ọ̀dù tuntun, kí ìgbéga tó dé. Bí ó bá ti dé, kí a fi mysql_native_password=ON sínú fáìlì ètò 8.4 fún ọjọ́ díẹ̀, ká ṣe iṣẹ́ náà, ká sì yọ ọ́.

Iná mànàmáná kò gbọdọ̀ jáde nínú ọ̀rọ̀ yìí ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́, níbi tí iléeṣẹ́ IBEDC ti ń pín in. Kí 8.0.16 tó dé, ìgbéga MySQL jẹ́ iṣẹ́ ìpele méjì: a ó fi ètò tuntun síbẹ̀, lẹ́yìn náà a ó fọwọ́ ara wa pe mysql_upgrade láti tún tábìlì àṣẹ ṣe. Bí iná bá lọ láàárín méjèèjì, tàbí tí ẹni tó ń ṣe é gbàgbé èkejì, oníbodè tuntun yóò máa ka ìwé oníbodè àtijọ́, yóò sì ní “Column count of mysql.user is wrong”. Láti 8.0.16, sáfà ń ṣe ìpele kejì fúnra rẹ̀ bó bá ti ń jí. Síbẹ̀, ẹni tó bá bẹ̀rẹ̀ ìgbéga láìní ínfátà tí bátìrì rẹ̀ kún ń fi àkọsílẹ̀ ẹlòmíràn ta tẹ́tẹ́, pàápàá nígbà tí kò sí ọ̀nà àbọ̀ láti 8.0 padà sí 5.7 bí kò ṣe ẹ̀dà ìpamọ́ tí a ti ṣe tẹ́lẹ̀.

Ìṣòro tó ń fara pa mọ́ jù ni ti DEFINER. Nínú dátábéèsì, a lè kọ àwòrán tábìlì kan, tí wọ́n ń pè ní view, tàbí ìlànà iṣẹ́ kan, pẹ̀lú àṣẹ ẹni tó kọ ọ́. Ká ní ọ̀gá kan tó ti fẹ̀yìntì ló kọ view tí ọ́fíìsì owó fi ń rí gbèsè ọmọ ilé ìwé. Nígbà tí wọ́n kó dátábéèsì lọ sórí sáfà tuntun, wọn kò kó àkántì rẹ̀ lọ, nítorí ó ti kúrò níṣẹ́. Gbogbo èèyàn wọlé, gbogbo tábìlì ṣí, view yẹn nìkan ló ń sọ nọ́ńbà 1449, pé ẹni tó ni òun kò sí. Kí a má ṣe jí àkántì náà dìde. Kí a tún view náà kọ lórúkọ àkántì tó ń ṣiṣẹ́, tó ní ìwọ̀nba àṣẹ.

Nígbà tí root fúnra rẹ̀ bá wà níta

Bó bá jẹ́ pásíwọ́ọ̀dù root ló sọnù, ọ̀nà kan gbajúmọ̀: kí a jí sáfà pẹ̀lú --skip-grant-tables, èyí tó túmọ̀ sí pé kí gbogbo oníbodè sinmi. Ẹnikẹ́ni tó bá dé lákòókò náà ti di ọba. MySQL 8.0 mọ ewu yìí, ó máa ń ti ọ̀nà nẹ́tíwọ́ọ̀kì fúnra rẹ̀ nígbà tí a bá lò ó. Àwọn ẹ̀dà tó ṣáájú kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ọ̀nà tó dára jù ni --init-file: kí a kọ àṣẹ ALTER USER kan sínú fáìlì, kí sáfà kà á bó ti ń jí, ká sì pa fáìlì náà rẹ́. Bodè kò ṣí sílẹ̀ ní ìṣẹ́jú kankan.

Àṣẹ orí fáìlì tún yàtọ̀ sí àṣẹ inú dátábéèsì. Bí wọ́n bá fi ọwọ́ root da fódà àkọsílẹ̀ kọ lọ síbi tuntun, sáfà tó ń ṣiṣẹ́ lórúkọ mysql kò ní lè ka ohun tó jẹ́ tirẹ̀. Kí a dá ìní padà fún onínǹkan, pẹ̀lú chown lórí /var/lib/mysql, ló yẹ. Ẹni tí ara rẹ̀ kò balẹ̀ máa ń sáré lo chmod 777, pé kí gbogbo ayé lè kà kí wọ́n sì lè kọ. Yàtọ̀ sí ewu rẹ̀, kì í tilẹ̀ ṣiṣẹ́: MySQL kì í ka fáìlì ètò tí gbogbo ayé lè kọ nǹkan sí, PostgreSQL sì kọ̀ láti jí bí fódà àkọsílẹ̀ rẹ̀ bá ṣí ju 0700 tàbí 0750 lọ. Bí ìní bá pé tí sáfà ṣì kọ̀, AppArmor lórí Ubuntu tàbí SELinux lórí ìdílé Red Hat ni ká yẹ̀ wò, nítorí wọ́n ní àkọsílẹ̀ tiwọn nípa fódà tí sáfà lè dé. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́.

PostgreSQL àti àwọn yòókù

PostgreSQL fi ìwé oníbodè rẹ̀ sí ojútáyé: pg_hba.conf ni fáìlì náà ń jẹ́. Ìlà kọ̀ọ̀kan ń sọ ẹni tó ń bọ̀, ibi tó ti ń bọ̀, dátábéèsì tó fẹ́ àti bí a óò ṣe dá a mọ̀. Ìlà àkọ́kọ́ tó bá bá a mu ló ń ṣe ìdájọ́, sáfà kì í wo ìsàlẹ̀ mọ́. Nígbà ìgbéga, ẹ̀dà tuntun ń wá pẹ̀lú pg_hba.conf tirẹ̀, ìlà tí a fi ọwọ́ kọ sínú ti àtijọ́ kì í tẹ̀ lé e. Lórí Debian àti Ubuntu, ẹ̀dà méjì lè máa gbé pọ̀, tuntun lórí pọ́ọ̀tù 5433, àtijọ́ lórí 5432. Ẹni tó rò pé òun ń bá tuntun sọ̀rọ̀ lè máa bá àtijọ́ sọ ọ́ fún ọ̀sẹ̀ kan.

Ẹ̀dà 10 ní 2017 mú ìdánimọ̀ SCRAM wá, ẹ̀dà 14 ní 2021 sì sọ ọ́ di ìlànà fún pásíwọ́ọ̀dù tuntun. Pásíwọ́ọ̀dù tí a tọ́jú ní md5 kò lè wọ ẹnu ọ̀nà tí ìlà rẹ̀ ní scram-sha-256 ni kí wọ́n fi wọlé. Ẹni tó ni ín gbọ́dọ̀ tún un tẹ̀. Ní 2022, ẹ̀dà 15 gba àṣẹ àtikọ́ tábìlì sínú schema tó ń jẹ́ public lọ́wọ́ gbogbo ènìyàn. Dátábéèsì tí pg_upgrade gbé wá ń mú àṣà àtijọ́ rẹ̀ bọ̀, èyí tí a bá dá sílẹ̀ lákọ̀tun ni yóò ní “permission denied for schema public”. Ẹni tó fi pg_dump nìkan kó ẹrù gbọ́dọ̀ tún rántí pé àkántì kò sí nínú ẹrù náà. Pg_dumpall ló ń kó wọn.

Lórí SQL Server, nọ́ńbà 18456 ni orúkọ ìkọ̀sílẹ̀. Ohun tó hàn sí ẹni tí a kọ̀ kò sọ ìdí, kí olè má baà fi kọ́gbọ́n. Ìdí gidi wà nínú ERRORLOG, níbi tí ipò 5 ti túmọ̀ sí pé kò sí irú orúkọ bẹ́ẹ̀, tí ipò 8 sì túmọ̀ sí pé pásíwọ́ọ̀dù ni kò tọ̀nà. Ìṣòro tó wọ́pọ̀ jù lẹ́yìn kíkó lọ sórí ẹ̀rọ tuntun ni ti ọmọ òrukàn: orúkọ ìwọlé wà nínú master, orúkọ inú dátábéèsì wà lọ́tọ̀, nọ́ńbà ìdánimọ̀ kan tí wọ́n ń pè ní SID ló so wọ́n pọ̀. Bí a bá tún orúkọ náà dá lórí ẹ̀rọ tuntun, SID rẹ̀ yàtọ̀, àwọn méjèèjì kò sì mọ ara wọn mọ́. ALTER USER pẹ̀lú WITH LOGIN ló ń so wọ́n padà. Oracle ní tirẹ̀: láti 11g ní 2007, lẹ́tà ńlá àti kékeré inú pásíwọ́ọ̀dù ti di ohun ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, ORA-01017 sì lé ọ̀pọ̀ ètò tó ń tẹ gbogbo rẹ̀ ní lẹ́tà ńlá.

Ìṣẹ̀lẹ̀ tí gbogbo ayé rí

Ìgbéga tí a kò ṣe tán lè burú ju èyí tí a kò ṣe rárá. Ní Nàìjíríà, ìdánwò ìwọlé yunifásítì, UTME, ti 2025 fi èyí hàn ní gbangba. Àjọ JAMB tó ń ṣètò rẹ̀ ti ṣe ìyípadà sí sáfà ìdánwò; àtúnṣe tó yẹ kó bá a lọ dé ọ̀wọ́ sáfà tó ń jẹ́ Kaduna, kò dé ọ̀wọ́ ti Èkó, tó ń ṣiṣẹ́ fún Èkó àti àwọn ìpínlẹ̀ Gúúsù Ìlà-Oòrùn. Ìdánwò ọmọ 379,997 ní ibùdó 157 ni ó kàn. Ní oṣù May ọdún náà, ọ̀gá àgbà àjọ náà, Ọ̀jọ̀gbọ́n Is-haq Oloyede, jáde síta, ó tọrọ àforíjì pẹ̀lú omijé, wọ́n sì tún ìdánwò náà ṣe fún wọn láti ọjọ́ 16. Ti ìwọlé kọ́ ni ìṣòro yẹn gan-an, ṣùgbọ́n ìdí rẹ̀ kò jìnnà: àyẹ̀wò tó yẹ kó wáyé lórí gbogbo ẹ̀rọ wáyé lórí apá kan.

Ti iléeṣẹ́ GitLab ní January 2017 kan ọ̀rọ̀ àṣẹ àti ìgbéga pọ̀. Òṣìṣẹ́ kan pa fódà dátábéèsì rẹ́ lórí ẹ̀rọ tí kì í ṣe èyí tó rò. Nígbà tí wọ́n wá ẹ̀dà ìpamọ́, wọn kò rí i: dátábéèsì ti wà lórí PostgreSQL 9.6, ètò pg_dump tó ń ṣe ìpamọ́ ṣì jẹ́ 9.2, ó ti ń kùnà lójoojúmọ́, lẹ́tà tó yẹ kó kéde ìkùnà náà kò sì dé ọ̀dọ̀ ẹnikẹ́ni. Àkọsílẹ̀ bíi wákàtí mẹ́fà ló sọnù. Nítorí náà, ẹ̀dà ìpamọ́ tí a kò tíì dá padà sórí ẹ̀rọ mìíràn rí, kí a sì wọlé sí i, kò tíì di ẹ̀dà ìpamọ́.

Ìdẹwò GRANT ALL

Nígbà tí ariwo bá pọ̀, tí ọ̀gá ń pè lórí fóònù, ọwọ́ máa ń yá láti kọ GRANT ALL PRIVILEGES ON *.* fún pọ́tà. Yóò ṣiṣẹ́ lójú ẹsẹ̀. Ibi tó ti burú nìyẹn, nítorí kò sí ẹni tí yóò rántí padà gbà á. Láti ọjọ́ náà, ihò kékeré kan lára pọ́tà ti di ihò sínú máàkì, owó àti ìwé ìtọ́jú gbogbo èèyàn. Bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè wọ̀ ọ́. Ohun tó yẹ ni kí a fi SHOW GRANTS wo àṣẹ tí pọ́tà ní lórí ẹ̀dà àtijọ́, ká tẹ̀ ẹ́ sínú fáìlì kí ìgbéga tó bẹ̀rẹ̀, ká sì dá ìwọ̀nba ohun tó sọnù padà. Bí pọ́tà bá nílò SELECT, INSERT àti UPDATE lórí dátábéèsì kan, mẹ́ta yẹn ni kó gbà.

Òfin wà nídìí èyí ní Nàìjíríà. Òfin Ààbò Ìsọfúnni Ara Ẹni tí Ààrẹ Bọ́lá Tinúbú fọwọ́ sí ní June 2023 sọ pé bí ìsọfúnni àwọn èèyàn bá bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíràn lọ́nà tó lè pa wọ́n lára, ẹni tó ń tọ́jú rẹ̀ ní wákàtí 72 láti fi tó àjọ tó ń bójú tó o létí. Aláìsàn tó sọ àìsàn rẹ̀ fún dókítà ní Ògbómọ̀ṣọ́ kò mọ GRANT, kò mọ mysql.user. Ó gbà pé ẹni tó kọ ọ́ sílẹ̀ ti ti ilẹ̀kùn.

Iṣẹ́ ìkẹyìn lẹ́yìn tí gbogbo èèyàn bá ti wọlé ni kí a ka orúkọ inú tábìlì àkántì láti òkè dé ìsàlẹ̀. Àkọ̀wé tó ti lọ, ọmọ ilé ìwé tó ṣe ìkọ́ṣẹ́ oṣù mẹ́fà, àkántì ìdánwò tí pásíwọ́ọ̀dù rẹ̀ jẹ́ 123456: ìgbéga ni ó sábà máa ń jẹ́ ìgbà kan ṣoṣo tí ẹnikẹ́ni ń wò wọ́n. Ìtìlẹ́yìn Oracle fún MySQL 8.0 kò kọjá April 2026, ẹ̀dà onítìlẹ́yìn pípẹ́ tó sì tẹ̀ lé e ni 8.4, níbi tí mysql_native_password ti wà ní títì láti ọjọ́ àkọ́kọ́. Pọ́tà tí PHP rẹ̀ ṣì wà ní 7.2 yóò bá oníbodè yẹn pàdé, àkókò láti gbé PHP náà ga, ká sì ṣe ALTER USER, ni ìgbà tí ilẹ̀kùn àtijọ́ ṣì ń ṣí.